Àlàárì Kì Í Ṣe Eérú: Àyẹ̀wò Ọgbọ́n Tí Kámẹ́rà Fi Ń Mọ Àwọ̀

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Láyé òde òní, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ti kúrò lójú, ó ti bọ́ sọ́wọ́ kámẹ́rà. Ní Ìpàpó níbí, Ìsẹ́yìn kò jìnnà sí wa, aṣọ òfì ni wọ́n sì fi mọ Ìsẹ́yìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Tẹ́lẹ̀ rí, ẹni tó bá fẹ́ ra aṣọ yóò fọwọ́ kàn án, yóò sì gbé e síta wò nínú oòrùn. Lónìí, orí fóònù ni ọ̀pọ̀ ti ń rà á. Oníbàárà tó wà ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù á rí àwòrán, á fowó ránṣẹ́. Nígbà tí ẹrù bá dé, àwọ̀ tó rí kọ́ ló bá. Á ní ahunṣọ rẹ́ òun jẹ. Ahunṣọ á ní aṣọ tó rí gan-an lòun fi ránṣẹ́. Ó ṣeé ṣe kí àwọn méjèèjì máa sọ òótọ́. Nítorí èyí ni mo ṣe fẹ́ yẹ iṣẹ́ àwọn tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà láti mọ àwọ̀ wò: kí ni wọ́n ṣe dáadáa, ibo ni wọ́n sì kù sí?

Ìmọ́lẹ̀ tó wọ inú kámẹ́rà jẹ́ èsì ìsọdipúpọ̀ nǹkan méjì: ìmọ́lẹ̀ tó tàn sára aṣọ, àti ìwọ̀n tí aṣọ náà dá padà. Bí mo bá sọ fún yín pé mo sọ nọ́ńbà méjì di púpọ̀, tí èsì rẹ̀ jẹ́ 12, ṣé ẹ lè sọ nọ́ńbà méjèèjì fún mi? Ó lè jẹ́ 3 àti 4, ó sì lè jẹ́ 2 àti 6. Bẹ́ẹ̀ náà ni kámẹ́rà kò ṣe lè mọ̀ bóyá aṣọ funfun ló wà lábẹ́ gílóòbù pupa, tàbí aṣọ pupa lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ funfun. Ojú wa náà ń bá ìṣòro yìí pàdé, ṣùgbọ́n ọpọlọ ń bá wa yanjú rẹ̀: ṣẹ́ẹ̀tì funfun kì í di pupa lójú wa nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀. Síbẹ̀, ọpọlọ náà máa ń ṣìnà. Ní oṣù kejì ọdún 2015, àwòrán aṣọ kan dá awuyewuye sílẹ̀ káàkiri ayé. Àwọn kan rí búlúù àti dúdú, àwọn mìíràn rí funfun àti góòlù. Búlúù àti dúdú ni aṣọ náà.

Níwọ̀n ìgbà tí nọ́ńbà kan ò lè sọ méjì fún wa, àfi kí kọ̀ǹpútà gba nǹkan kan gbọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Ibẹ̀ gan-an ni àríwísí mi wà.

Ọ̀nà kan, tó tan mọ́ iṣẹ́ tí Edwin Land àti John McCann gbé jáde ní 1971, gbà pé ibi tó mọ́lẹ̀ jù lọ nínú àwòrán, funfun ni. Ẹ wá ya sányán pọ̀ mọ́ etù. Etù dúdú nítorí aró. Sányán, tí òwú rẹ̀ ti ara ìtẹ́ kòkòrò inú igbó wá, ló mọ́lẹ̀ jù níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà á pè é ní funfun, á sì fọ àwọ̀ rẹ̀ dànù.

Gershon Buchsbaum gbé ọ̀nà mìíràn kalẹ̀ ní 1980. Òun gbà pé bí a bá wá ìpíndọ́gba gbogbo àwọ̀ inú àwòrán, àwọ̀ eérú ni yóò jáde. Ẹ jẹ́ ká fi àlàárì dán an wò. Ká ní aṣọ náà kún inú àwòrán, tí pupa rẹ̀ jẹ́ 180, tí àwọ̀ ewé jẹ́ 60, tí búlúù náà jẹ́ 60. Ìpíndọ́gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ 100. Kọ̀ǹpútà á fa 180 wálẹ̀ sí 100, á sì gbé 60 kọ̀ọ̀kan gòkè sí 100. Nígbà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti dọ́gba, eérú ni. Àlàárì ti di eérú, bẹ́ẹ̀ ìṣirò náà kò ní àṣìṣe kankan!

N kò sọ pé àwọn ọ̀nà wọ̀nyí kò wúlò. Nínú àwòrán ọjà, níbi tí ata, ewédú, gààrí àti ankárá ti pàdé, wọ́n lè ṣe dáadáa. Fóònù ìsinsìnyí tún gbọ́n jù wọ́n lọ, nítorí pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwòrán ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n àwòrán ta ni? Fún ọ̀pọ̀ ọdún, obìnrin aláwọ̀ funfun ló wà lórí káàdì Kodak tí àwọn tó ń fọ fọ́tò fi ń ṣètò àwọ̀; Shirley ni wọ́n ń pe káàdì náà. Bí Shirley bá ti dára, iṣẹ́ parí. Ojú aláwọ̀ dúdú ló ń jìyà rẹ̀. Ní 2021, Google gbé Real Tone jáde nínú fóònù Pixel 6, kí kámẹ́rà lè ya aláwọ̀ dúdú bó ṣe rí. Mo gbóríyìn fún wọn. Àmọ́ iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí ohun tí mò ń sọ: ohun tí kò bá sí nínú ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ kò ní dá a mọ̀.

Mo fi fóònù kan náà ya àlàárì ìyá mi ní àárọ̀ ọyẹ́, ní ọ̀sán gangan lábẹ́ igi, àti lálẹ́ lábẹ́ gílóòbù. Aṣọ kan ṣoṣo di mẹ́ta. Nígbà tí mo wá tẹ́ òwú funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ yé mi: bí òwú bá pọ́n nínú àwòrán, a jẹ́ pé aṣọ náà ti yá pupa lọ́wọ́ ìmọ́lẹ̀. Òwú yẹn kò ná mi ní kọ́bọ̀, ó sì sọ òótọ́ tí fóònù kò lè sọ.

Nítorí náà, kí àwọn tó ń ta aṣọ máa fi òwú funfun sínú àwòrán wọn, kí wọ́n sì máa yà á nínú oòrùn. Kí àwọn olùkọ́ wa fi àlàárì àti etù kọ́ wa ní ìpíndọ́gba. Kí àwa ọmọ ilé-ìwé sì múra sí ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà, kí aṣọ wa lè wà lára ohun tí ẹ̀rọ ọ̀la yóò kọ́. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.