Sáàmù Kíkà ní Prince George's: Àwọn Ẹsẹ Tí À Ń Fò

Ọmọ Yorùbá tó bá ti gba inú ìjọ aláṣọ funfun kọjá kò nílò àkọlé Sáàmù. Nọ́ńbà ló fi mọ̀ wọ́n. 91 ni ti ẹni tó fẹ́ wọ òpópónà Beltway lóru, 121 ni ti arìnrìn-àjò, 24 ni ti ẹni tó ń wá ilẹ̀kùn tí yóò ṣí, 51 ni ti ẹni tó ti ṣẹ̀, 35 sì ni ti ọ̀tá. Láti Hyattsville dé Lanham, láti Landover dé Bowie, ní gbogbo Prince George's County ní Maryland, bí àwọn tó ṣiṣẹ́ alẹ́ nílé ìtọ́jú arúgbó ṣe ń darí bọ̀ nílé ni àwọn mìíràn ń bọ́ sórí fóònù fún àdúrà ìdájí. Olórí àdúrà á pe nọ́ńbà kan, gbogbo ènìyàn á sì ti mọ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi rán an.

Ìbéèrè tí àwọn ènìyàn sábà ń bi àṣà yìí ni pé ṣé ìgbàgbọ́ ni àbí oògùn. Èmi kò rí èrè púpọ̀ nínú ìbéèrè yẹn. Ewì ni Sáàmù, 150 ni wọ́n, ẹnu ni a sì ṣe wọ́n fún. Ohun tó tọ́ sí lámèyítọ́ láti wò ni ohun tí ọ̀nà ìkàwé yìí ń fún ewì náà àti ohun tó ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní tèmi, ó ń jẹ́ kí ewì náà ṣiṣẹ́, àmọ́ ìdajì rẹ̀ ló ń jẹ́ kí a gbọ́. Ìtùnú, ìtọ́ni àti ìdí ìyìn tí a torí rẹ̀ ṣí ìwé, inú ìdajì tí à ń fò ni ọ̀pọ̀ wọn wà.

Àkójọ nọ́ńbà wọ̀nyí ní ìtàn. Josiah Olunlade Ositelu, ẹni tó dá Ìjọ Olúwa Aládùúrà sílẹ̀ ní Ògèrè Rẹ́mọ ní 1930, kọ ìwé kan lórí ìlò àti agbára Sáàmù, Harold Turner sì yẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ wò nínú iṣẹ́ ńlá tó ṣe lórí ìjọ náà ní 1967. Àmọ́ èrò náà ti pẹ́ ju Ògèrè lọ. Láti ayé àtijọ́ ni àwọn Júù ti ní ìwé kan, Shimmush Tehillim, tó ń sọ iṣẹ́ tí Sáàmù kọ̀ọ̀kan lè ṣe: ti aláboyún, ti ẹni tó ń lọ sílé ẹjọ́, ti aláìsàn, ti ẹni tó ń rìnrìn-àjò. Godfrey Selig tú u sí èdè Jámánì ní 1788. Wọ́n wá fi kún ìwé tí wọ́n pè ní Ìwé Kẹfà àti Ìkeje ti Mósè, L. W. de Laurence, oníṣòwò ìwé kan ní Chicago, sì tẹ ìyẹn jáde ní Gẹ̀ẹ́sì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ló gbé ìwé rẹ̀ dé etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Nítorí náà, bí ìyá àgbà kan bá sọ̀kalẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú Dulles pẹ̀lú Bíbélì tí wọ́n ti fi bírò kọ ìlò sẹ́gbẹ̀ẹ́ Sáàmù kọ̀ọ̀kan, díẹ̀ lára ẹrù yẹn, ilé ló padà sí.

David Tuesday Adamo, ọmọ Nàìjíríà tó jẹ́ onímọ̀ Májẹ̀mú Láéláé, pín ìlò yìí sí ọ̀nà mẹ́ta, Sáàmù ààbò, Sáàmù ìwòsàn àti Sáàmù àṣeyọrí, ó sì fi wọ́n wé ọfọ̀ tí a jogún. Etí Yorùbá gbà á. Robert Lowth ṣàlàyé fún àwọn ará Yúróòpù ní 1753 pé méjì-méjì ni ìlà ewì Hébérù ń rìn: èkíní á sọ̀rọ̀, èkejì á tún un wí lọ́nà mìíràn tàbí kó ta kò ó. Ẹni tó dàgbà sídìí ìjálá àti ẹsẹ Ifá kò ní kà á sí àwárí. Ọlátúndé Ọlátúnjí, nínú ìwé tó kọ ní 1984 lórí àbùdá ewì alohùn Yorùbá, fi ọfọ̀ sí àárín àwọn ewì gidi, kò tì í sẹ́yìn bí ọ̀ràn oníṣègùn lásán.

Ibi tí èmi àti Adamo ti pínyà ni ibi tí ewì méjèèjì fi ẹ̀yìn tì. Ọfọ̀ ń pàṣẹ. Ẹni tó ń pè é mọ orúkọ ìkọ̀kọ̀ ohun tó ń bá wí, ó sì gbára lé bí ayé ṣe rí láti ìwáṣẹ̀: ohun tí ewé kan tàbí ẹyẹ kan kì í ṣe, kò ní ṣe é lónìí. Sáàmù ń bẹ ẹni tó lè dákẹ́. Nínú 13, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni akéwì bèèrè bí ìyà òun yóò ṣe pẹ́ tó, kó tó tọrọ ohunkóhun. 88 sì parí sínú òkùnkùn, láìsí èsì, láìsí ìlérí. Mi ò tíì gbọ́ ọfọ̀ tó parí báyẹn. Babaláwo tó bá pe irú rẹ̀, oníbàárà rẹ̀ á gba owó rẹ̀ padà.

Ẹ jẹ́ ká mú 35, torí òun ni ọba nínú àkójọ. Ẹsẹ 28 ló ní. Ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ àti ọ̀rọ̀ ogun ló jọ fi bẹ̀rẹ̀, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn tó ń lé e gégùn-ún: kí afẹ́fẹ́ gbá wọn bí ìyàngbò, kí ọ̀nà wọn ṣókùnkùn kó sì máa yọ̀, kí àwọ̀n tí wọ́n dẹ mú àwọn fúnra wọn. Ibí yìí ni ohùn olórí àdúrà máa ń ròkè, ibí yìí náà ni ọ̀pọ̀ ti máa ń dá àdúrà tiwọn sílẹ̀, tí wọn ò sì ní padà sínú ìwé mọ́. Ẹni tó bá kà á dé ẹsẹ 13 àti 14 á bá nǹkan mìíràn pàdé. Akéwì ń rántí ìgbà tí àwọn ọ̀tá yìí kan náà ń ṣàìsàn: ó wọ aṣọ ọ̀fọ̀, ó gbààwẹ̀ torí wọn, ó dorí kodò bí ẹni tí ìyá rẹ̀ kú.

Ẹsẹ méjèèjì yìí ló gbé gbogbo ewì náà ró. Ẹni tó ń ṣépè yìí ti fìgbà kan jẹ́ alágbàwí àwọn tó ń ṣẹ́ é fún. Ọ̀rẹ́ ló dà á, ìdí nìyẹn tí ìbínú rẹ̀ fi wúwo. Bí a bá yọ wọ́n kúrò, ariwo ló kù. Ó sì jọ pé ibẹ̀ ni ìtọ́ni fara pamọ́ sí, torí ẹsẹ náà ń yíjú sí ẹni tó ń kà á. Ẹni tó pe ìyá ọkọ rẹ̀ ní ọ̀tá, tàbí alábàáṣiṣẹ́ tó kọ̀wé fẹ̀sùn kàn án níbi iṣẹ́, ṣé ó ti gbààwẹ̀ kan rí nítorí ẹni náà? Àdúrà tó ń bi aládùúrà léèrè ọ̀rọ̀ kò wọ́pọ̀ lórí fóònù ìdájí.

Ohun kejì tí à ń fò ni ìyìn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹ̀bẹ̀ 35 gbéra, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ló balẹ̀ sórí ìyìn: ní ẹsẹ 9 àti 10, ní 18, àti ní 28. Nínú ẹ̀bẹ̀ gan-an ni ìlérí ìyìn wà, èsì ò tíì dé. Claus Westermann, ará Jámánì tó ronú lórí Sáàmù nínú àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n ogun, fi èyí ṣe ìpìlẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀: ó ní ọ̀nà kan ṣoṣo ni ẹ̀bẹ̀ àti ìyìn jọ wà lórí rẹ̀. Ìtùnú 35 wà nínú ìrìn yẹn, láti igbe dé orin, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹni tó dúró sí ẹsẹ 8 kò tíì gbéra.

Ọ̀rọ̀ ẹjọ́ inú rẹ̀ kò sì jìnnà sí ẹni tó ń gbé ní Prince George's. Ìjọ Ìràpadà tó ń jẹ́ Victory Temple ra ilẹ̀ ní Bowie láti kọ́ ilé ìsìn sí. Ìgbìmọ̀ county kọ̀ láti yí ipò ilẹ̀ náà padà lórí ọ̀rọ̀ omi àti omi ìdọ̀tí, wọ́n ní ewu ọkọ̀ wà lójú ọ̀nà ibẹ̀. Ìjọ náà pè wọ́n lẹ́jọ́ lábẹ́ òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní 2000 láti dáàbò bo ilẹ̀ ìsìn, wọ́n jàre, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn Fourth Circuit sì fọwọ́ sí ìdájọ́ náà ní 2021. Mo mú un wá torí ó fi hàn bí ọ̀tá ṣe ń yí àwọ̀ padà. Ìwé ilẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà ni wọ́n fi jà níbẹ̀. Ẹni tó dìbò lòdì sí ọ níbi ìpàdé ìgbìmọ̀ kan, ṣé o lè ní kí àwọ̀n rẹ̀ mú un? Akéwì 35 lè bá ọ gbé ẹjọ́ yẹn, torí ohun tó ń tọrọ jù ni kí adájọ́ jí, kí ó sì dájọ́.

Kí n má bàa jẹ́ kó dà bíi pé aláṣọ funfun nìkan ló ń gé Sáàmù. Nígbà tí Róòmù tún ìwé àdúrà ojoojúmọ́ àwọn àlùfáà ṣe ní 1971, wọ́n yọ 58, 83 àti 109 pátápátá nítorí èpè inú wọn, wọ́n sì gé ẹsẹ èpè kúrò nínú àwọn mìíràn, 35 wà lára wọn. Ohun tí Róòmù yọ ni àwa ń kígbe lé lórí, ohun tí àwa ń fò ni Róòmù dá sí. Ẹni tí ayé kò tíì fìyà jẹ rí ló lè rò pé Sáàmù á dùn sí i bí èpè bá kúrò níbẹ̀, kò sì yẹ kí ó jẹ́ Maryland ni irú èrò bẹ́ẹ̀ ti ń wá. Ní White Marsh, nínú Bowie òní, oko àwọn Jésúíìtì, ẹgbẹ́ àlùfáà Róòmù, wà níbẹ̀ nígbà kan, ẹrú ló ń ro ó. Ní 1838 àwọn Jésúíìtì Maryland ta ènìyàn 272 sí Louisiana, àwọn ará White Marsh wà lára wọn. Sáàmù ni àwọn àlùfáà tó tà wọ́n ń kà lójoojúmọ́, torí òfin ìsìn wọn ni. Frederick Douglass, tí wọ́n bí sínú oko ẹrú ní Maryland yìí kan náà, gbé 137 wọ inú ọ̀rọ̀ tó sọ ní Rochester ní ọjọ́ 5 oṣù Keje 1852, ó sì dúró kó tó dé àwọn ẹsẹ ìparí tó ń bani lẹ́rù. Òun náà gé e, àmọ́ mo gbà pé ó mọ ìdí: àwọn tó jókòó níwájú rẹ̀ mọ Bíbélì wọn, wọ́n á ti parí rẹ̀ fúnra wọn.

Ti ìtọ́ni, 119 ni gbogbo ayé máa ń tọ́ka sí, pẹ̀lú ẹsẹ 176 rẹ̀. Èmi á yan 73. Ásáfù ló ń jẹ́wọ́ níbẹ̀ pé ìlara àwọn olówó aláìbìkítà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé òun ṣubú: ara wọn dá, owó ń wọlé, ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n ní nǹkan kan. Ìgbà tó wọ ilé ìsìn, ní ẹsẹ 17, ni ojú rẹ̀ tó là. Prince George's jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn county tí aláwọ̀ dúdú ti pọ̀ jù tí owó sì wà jù ní Amẹ́ríkà. Ilé ńlá aládùúgbò àti fọ́tò ẹgbẹ́ ẹni lórí fóònù ń ṣe fún ọ̀pọ̀ nínú wa ohun tí àwọn olówó ṣe fún Ásáfù. Síbẹ̀ mi ò tíì gbọ́ kí wọ́n pe nọ́ńbà yẹn. Ìlara kì í sí nínú ohun tí à ń kó wá síbi àdúrà, àfi ìlara tí ẹlòmíràn ń ṣe sí wa.

Ìyìn ni a mọ̀ ọ́n ṣe jù. Ẹni tó bá ka ohun tí Karin Barber kọ ní 1991 lórí oríkì ní Òkukù á mọ̀ pé àwọn tó ń to oríkì jọ sórí ara wọn kò níí kọ́ ìyìn lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀ 136 ní ohun kan láti sọ fún ọjọ́ ìdúpẹ́ wa. Ẹsẹ 26 ló ní, ègbè kan náà ló sì ń tẹ̀ lé ọ̀kọ̀ọ̀kan, kódà onígángan á ti mọ ibi tí yóò ti wọlé. Ní Prince George's, ìdí ìyìn tí à ń kà ni káàdì ìgbélùú, ilé tuntun ní Upper Marlboro, ọmọ tó jáde ní yunifásítì ní College Park. Gbogbo rẹ̀ ló tọ́. 136 bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀run, ilẹ̀, oòrùn àti òṣùpá, ó kọjá sórí àwọn ẹrú tó jáde kúrò ní Íjíbítì, ó sì dé orí oúnjẹ gbogbo ẹ̀dá alààyè kó tó parí. Ohun tó jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo kò sí níbẹ̀. Ẹni tí ìwé rẹ̀ kò tíì jáde lè gbe ègbè náà láìṣàbòsí.

Ọ̀nà ìkàwé mìíràn wà tí àwọn ọmọ Áńgílíkà nínú wa gbé wá láti ilé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ ló ṣì ń lò ó. Ìwé Àdúrà Yorùbá pín Sáàmù sí ọjọ́ 30, àárọ̀ àti alẹ́, kò sì bi ọ́ bí ara ṣe rí. Ó ní àléébù tirẹ̀: Thomas Ekundayo Phillips, tó ta dùùrù fún ọdún gbọọrọ ní Kàtídírà Kírísítì ní Marina l'Ékòó, kọ ọ́ ní 1953 pé orin tí kò bá tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀ á ba Yorùbá jẹ́, ẹni tó bá sì ti gbọ́ Sáàmù wa lórí ohùn àwọn ará Ìlú Ọba mọ ohun tó ń sọ. Àmọ́ tábìlì yẹn kì í fo ẹsẹ. Àárọ̀ ọjọ́ 7 ni 35 máa ń bọ́ sí, bóyá o ní ọ̀tá tàbí o kò ní. 73 ń bọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ 14. 88, tó ṣókùnkùn jù, àárọ̀ ọjọ́ 17 ni wọ́n fi í sí. Alẹ́ ọjọ́ 30 ni ìyìn ńlá tó parí ìwé, láti 147 dé 150, bí oṣù bá sì ní ọjọ́ 31, ti ọjọ́ 30 ni wọ́n ń tún kà, tó fi jẹ́ pé ìgbà méje lọ́dún ni wọ́n ń yìn lẹ́ẹ̀mejì. Ní Fébúárì ẹ̀wẹ̀, kò sẹ́ni tó ń dé 150.