Òrìṣà Tó Gba Bahia Dé Ọwọ́ Tómi Adéyẹmí

Ẹ̀sùn tó máa ń kọ́kọ́ bọ́ sẹ́nu àwọn Yorùbá tó bá ka ìwé Tómi Adéyẹmí ni pé àwọn òrìṣà inú rẹ̀ ṣàjèjì. Ọ̀ṣọ́ọ̀sì di Oxosi, Òṣùmàrè di Ochumare, a sì tún bá Ayao pàdé, ẹni tí ọ̀pọ̀ nínú wa nílé kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. A kò fara mọ́ ẹ̀sùn yìí. Amẹ́ríkà ni wọ́n bí òǹkọ̀wé náà sí ní 1993, ọmọ àwọn òbí tó ti Nàìjíríà ṣí lọ. Ó ka lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Harvard, lẹ́yìn náà ló rí owó ìrànwọ́ gbà lọ ṣèwádìí ní Salvador, ní Bahia ní Brazil. Nínú ṣọ́ọ̀bù kan níbẹ̀ tí wọ́n ti ń ta ẹ̀bùn fún àwọn àlejò ló ti rí àwòrán àwọn òrìṣà tó mú un lọ́kàn. Ọ̀nà Brazil àti Cuba ni wọ́n gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kì í ṣe ọ̀nà Ifẹ̀. Àbúrò Ọya ni àwọn olórìṣà Cuba mọ Ayao sí. Chândomblé tó sì fi sọ tẹ́ḿpìlì inú ìtàn rẹ̀, orúkọ tó jọ ti ẹ̀sìn òrìṣà Brazil, kò fi ibi tó ti mú nǹkan pamọ́. Ẹni tó bá fẹ́ bá a wí, kó wá ẹ̀sùn mìíràn, nítorí ẹ̀sùn mìíràn wà.

Ká tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ ká fún ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Children of Blood and Bone, àkọ́kọ́ nínú ìwé mẹ́ta tó tẹ̀lé ara wọn, jáde ní 2018, orí àkọ́kọ́ rẹ̀ sì yẹ ní kíkọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ máa kọ̀tàn fún ọ̀dọ́. Màmá Àgbà ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìjà ọ̀pá nínú ahéré rẹ̀, ní bòńkẹ́lẹ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ọba já wọlé wá gbowó orí. Wọ́n ti bu kún owó náà, irun funfun orí Zélie, ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà, sì ti tó ẹ̀ṣẹ̀ lójú wọn. Òǹkọ̀wé kò dúró ṣàlàyé òfin ilẹ̀ náà fún wa. Láti inú owó orí àti irun yìí la ti mọ ẹni tí ayé ń ni lára àti ẹni tó ń ni ín lára. Nínú ọ̀rọ̀ tó fi kádìí ìwé náà, ó sọ ọ́ gbangba pé ìròyìn àwọn adúláwọ̀ tí ọlọ́pàá ń yìnbọn pa ní Amẹ́ríkà ló gba òun lọ́kàn nígbà tí òun ń kọ ọ́. Ìdí tí ète yìí kò fi di ìwàásù ni pé ó rí nǹkan tó ṣeé fojú rí gbé e wọ̀.

Inan, ọmọ ọba tó ń ṣọdẹ àwọn maji (àwọn tí òrìṣà fún ní agbára) tó sì wá rí agbára wọn nínú ara tirẹ̀, ni ẹ̀dá-ìtàn tó jinlẹ̀ jù. Ohùn rẹ̀ ló kù díẹ̀ káàtó. Ẹni mẹ́ta ló ń fẹnu ara wọn sọ ìtàn náà, Zélie, Inan àti Amari àbúrò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fọwọ́ bo orúkọ tó wà lókè orí kan, ó ṣòro láti mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ọmọ tó dàgbà láàfin àti ọmọ apẹja kò lè máa gbé gbólóhùn kan náà sẹ́nu. Ìfẹ́ Inan àti Zélie náà yá jù: ẹni tó fẹ́ pa á di olólùfẹ́ lẹ́yìn ìpàdé díẹ̀ nínú àlá, láìjẹ́ pé ìwà wọn là á sílẹ̀ fún wa bó ṣe rí bẹ́ẹ̀.

Ibi tí a ti fẹ́ kí ó túbọ̀ ṣe wàhálà ni ọfọ̀. Ó gba ìgboyà láti jẹ́ kí Yorùbá dúró gedegbe láàárín ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí ayé ń rà, a kí i fún un. Ṣùgbọ́n ọfọ̀ ní ìlànà, Ọlátúndé Ọlátúnjí sì ti là á sílẹ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí ewì alohùn ní 1984: à ń pe nǹkan ní orúkọ ìkọ̀kọ̀ rẹ̀, à ń sọ òótọ́ tí kò ṣeé já ní koro nípa rẹ̀, a sì ń fi ìró orúkọ náà so ohun tí a ń fẹ́ mọ́ ọn. Ohun tí Zélie ń pè jẹ́ Yorùbá tó yéni, àmọ́ ìpè àti ẹ̀bẹ̀ lásán ni, irú èyí tí a ń gbọ́ lẹ́nu aládùúrà. Àbùkù yìí kọjá ti ẹwà èdè. Ìtàn náà sọ pé inú èdè ni agbára àwọn maji wà; bí a bá sì fi èdè mìíràn rọ́pò ọfọ̀ rẹ̀, kò sí ohun tí yóò yẹ̀ nínú ìtàn náà.

Ti orúkọ ìlú kò le tó bẹ́ẹ̀. Ó gbé Ìlọrin sórí òkun, ẹ̀rín sì pa wá. Òǹkọ̀tàn àròsọ lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣí ìlú nípò, ṣùgbọ́n ìṣípòpadà yìí kò bí nǹkan kan. Orúkọ mìíràn ì bá ṣe iṣẹ́ kan náà.

Ìwé àkọ́kọ́ gba ẹ̀bùn Andre Norton àti Lodestar, kò sì jí wọn gbà. Àwọn tó tẹ̀lé e kò dé ibi tó dé. Children of Virtue and Vengeance, tó jáde ní ìparí 2019, ní èrò kan tó dára gan-an: agbára tí Zélie jí dìde jí nínú àwọn ọ̀tọ̀kùlú pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n àṣìgbọ́ kan náà ló ń da gbogbo ètò àlàáfíà rú léraléra, títí tó fi sú wa. Nígbà tí Children of Anguish and Anarchy dé ní 2024, ọ̀tá tuntun ti òkè òkun wá, Ọba Baldyr àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Skull. Ìbéèrè tí ìwé méjì ti ń gbé bọ̀, bí maji àti ìdílé Saran, ọba tó bí Inan, yóò ṣe jọ gbé ilẹ̀ kan, wá di ohun tí wọ́n gbé tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítorí ogun àlejò.

Gina Prince-Bythewood ni wọ́n gbé ìdarí fíìmù ìwé àkọ́kọ́ lé lọ́wọ́. Lójú ìwé, òǹkàwé lè fo ọfọ̀ tí kò rinlẹ̀ kọjá. Nínú fíìmù, òṣèré yóò la ẹnu pè é. Ó yẹ kí wọ́n pe ẹni tó mọ ọfọ̀ sídìí iṣẹ́ náà, kì í ṣe ẹni tó kàn gbọ́ Yorùbá.