Ẹni Tó Ń Ka Òkun Lára Òkúta

Omi ni obìnrin onímọ̀ òkúta náà kọ́kọ́ bù. Kò tíì mú pẹ́ńsù, kò tíì gbé awò sójú. Ó kàn rọra wọ́n omi sára òkúta tó wà níwájú rẹ̀ lórí tábìlì. Òkúta gígùn ni, ó rí rọbọtọ bí ọmọ odó kí wọ́n tó fi ayùn là á ní òró, kí wọ́n sì tò ó sínú àpótí ní mítà kọ̀ọ̀kan. Kọ́ọ̀ ni àwọn oníṣẹ́ epo ń pè é. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Niger Delta, ní nǹkan bíi 3,000 mítà, ni wọ́n ti fà á jáde. Nígbà tó gbẹ, eérú lásán ni àwọ̀ rẹ̀. Bí omi ti kàn án, ìlà yọ lára rẹ̀: òmíràn dúdú tẹ́ẹ́rẹ́, òmíràn dagun, òmíràn kọ́lọkọ̀lọ.

"Ẹ wò ó báyìí, sà," ó wí fún mi. "Ó ti lajú."

Ọ̀pọ̀ wa ló rò pé epo rọ̀bì dà bí odò nísàlẹ̀ ilẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú òkúta ló wà, nínú àyè tó wà láàárín hóró iyanrìn kan sí èkejì. Ẹ da ẹ̀wà sínú abọ́ kí ẹ bu omi sí i, omi á ríbi wọ̀. Ẹ wá po èlùbọ́ mọ́ ẹ̀wà náà, àyè á dí. Ohun tó sọ òkúta iyanrìn Agbada, ìpele òkúta Niger Delta tí kọ́ọ̀ yìí ti wá, di ilé epo ni pé ìgbì òkun ti jọ̀ ọ́ kó tó di òkúta. Odò Ọya ló ń kó iyanrìn àti ẹrẹ̀ wá sí òkun. Létí òkun, níbi tí omi kò ti jìn, ìgbì gbà á, ó ń gbọ̀n ọ́n lọ, ó ń gbọ̀n ọ́n bọ̀, bí ìyá elélùbọ́ ṣe ń gbọn ajọ̀, títí ẹrẹ̀ fi bá omi lọ sí ibú, tí hóró tó bára dọ́gba fi ṣẹ́kù. Ẹrù tuntun gun ti àtijọ́, ilẹ̀ rì lábẹ́ rẹ̀, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún kọjá. Síbẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ èyí tó dára, àyè ṣì tó 25 sí 30 nínú 100.

Ìsàlẹ̀ ni obìnrin náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka òkúta náà, nítorí ìsàlẹ̀ ló dàgbà jù. Ó gbé káàdì kékeré tí wọ́n lẹ iyanrìn oríṣiríṣi ìwọ̀n mọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta, ó tẹjú mọ́ awò. Hóró tó kúnná wà nísàlẹ̀, èyí tó tóbi wà lókè: etíkun ló ń sún wọ inú omi nígbà náà, tí ibi tó jẹ́ ibú ń di ibi tí ìgbì ti ń fọ́. Nígbà tó gòkè díẹ̀ sí i, ètò náà yí padà. Hóró ńláńlá àti ìkarahun fífọ́ ló wà nísàlẹ̀, ó sì ń kúnná bó ṣe ń gòkè. Kòtò ni, ó ní. Kíkún àti fífà òkun ló gbẹ́ ẹ.

Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Òrùka amọ̀ kan rèé, kò ju kọ́bọ̀ lọ, iyanrìn ló kún inú rẹ̀. Ihò irú edé kan ni. Iyanrìn a máa ya, nítorí náà edé náà a ṣù amọ̀ róbótó róbótó, a fi rẹ́ ògiri ihò rẹ̀ bí ẹni ń rẹ́ ilé. Níbi tí ihò náà bá ti hàn ní gígùn, ara rẹ̀ a rí bí àgbàdo tí a bó. Ophiomorpha ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Kò fi òun nìkan ṣe ẹ̀rí, torí a lè rí irú ihò bẹ́ẹ̀ ní ibú pẹ̀lú. Ìgbà tó tún rí ìlà ìgbì nítòsí rẹ̀ ló tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Àyè inú òkúta nìkan kò tó kí epo tó lè ṣàn. Àyè náà gbọ́dọ̀ já síra wọn. Ní 1856, Henry Darcy, ẹnjiníà ará Faransé tó fa omi wọ ìlú Dijon, tẹ ìwé jáde tó ṣàlàyé bí omi ṣe ń gba inú iyanrìn kọjá. Ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n kan epo ní Oloibiri ní Niger Delta, orúkọ Darcy ni a sì fi ń wọn bí ọ̀nà ṣe já gaara tó nínú òkúta.

Ibi tí obìnrin náà pẹ́ sí jù kì í ṣe ibi tí iyanrìn ti dára. Ìlà amọ̀ kan ni, tí kò nípọn ju èékánná lọ. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀rọ tí wọ́n ń sọ̀ sínú kànga kò lè rí ohun tó tẹ́ẹ́rẹ́ báyẹn. Epo lè bá ẹ̀gbẹ́ ìlà náà lọ, ṣùgbọ́n kò lè là á kọjá gòkè. Bó bá tẹ́ lọ jìnnà, ó lè sé epo mọ́ abẹ́. Ó sì lè ṣeni lóore, kó dí omi ìsàlẹ̀ lọ́nà kó má baà tètè dé ẹnu kànga. Bó bá kúrú, epo á yí i ká.

Báwo ló ṣe gùn tó? Òkúta ọwọ́ rẹ̀ kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Amọ̀ tó sùn sínú kòtò nígbà tí omi dúró jẹ́ẹ́, láàárín kíkún àti fífà, kì í sábà lọ jìnnà. Amọ̀ ìgbà tí òkun dìde bo gbogbo etíkun lè lọ fún ọ̀pọ̀ kìlómítà. Méjèèjì lè jọra bí ìbejì, àfi kéèyàn wo ohun tó wà lókè àti nísàlẹ̀ wọn.

Ó padà sí àpótí tó ti kà tán, ó tún wọ́n omi sí i, ó fìka tọ ìkarahun fífọ́ wọ̀nyẹn láti ìsàlẹ̀ dé ibi ìlà náà. Ó mú rọ́bà. Ìlà tó ti fà sórí ìwé rẹ̀ láti etí kan dé èkejì, ó pa á rẹ́, ó tún un fà, ní kúkúrú.