Ẹ̀rọ Amúlétutù àti Ìlera Wa

Apá méjì ni ẹ̀rọ amúlétutù tó wọ́pọ̀ nílé wa ní. Ọ̀kan gùn gbọọrọ, ó funfun, òkè ògiri nínú yàrá ni a ń kàn án mọ́. Èkejì dà bí àpótí irin, ìta ló máa ń wà, fáànù ńlá sì ń yí nínú rẹ̀. Páìpù bàbà so wọ́n pọ̀, gáàsì sì ń lọ ó ń bọ̀ nínú rẹ̀: á gba ooru nínú yàrá, á lọ dà á síta. Ẹni tó bá dúró ti àpótí ìta yẹn á mọ̀ pé ooru náà kò parẹ́, ó kàn ṣí lọ síbòmíràn ni.

Kì í ṣe nítorí ènìyàn ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é. Ní ọdún 1902, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ń da ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan láàmú ní Brooklyn, ní ìlú New York. Bébà ń fẹ̀, ó ń súnkì, àwọ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ léra kì í sì í bọ́ sójú kan náà. Willis Carrier, ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ ẹ̀rọ, ló ṣe ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ kọjá lára páìpù tútù, tí ọ̀rinrin fi ń di omi.

Fífa ọ̀rinrin yìí gan-an ni oore rẹ̀. Òógùn ni ara wa fi ń tu ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ gbẹ kí ara tó tutù. Bí ọ̀rinrin bá pọ̀, bí ti Èkó lẹ́yìn òjò, òógùn á kàn máa ṣàn lásán ni. Omi tó ń kán tó, tó, tó lẹ́nu rọ́bà ìta ni ọ̀rinrin tí ẹ̀rọ ti fà kúrò nínú yàrá. Ìdí nìyẹn tí oorun fi ń dùn níbẹ̀, tí ara fi ń tu arúgbó, aboyún àti ọmọ ọwọ́, àwọn tí ooru tètè ń ṣe léṣe.

Ibẹ̀ náà ni ìnira rẹ̀ ti wá. Afẹ́fẹ́ tó gbẹ jù a máa mú ojú ta, a máa mú ọ̀fun àti ètè gbẹ. Nígbà ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ ti gbẹ tẹ́lẹ̀, n kò rí ohun tí a ń fi í ṣe lóru. Ọ̀pọ̀ ní ẹ̀rọ yìí ló ń fún àwọn ní ọ̀fìnkìn. Kì í ṣe òun, kòkòrò àìfojúrí ló ń fa ọ̀fìnkìn. Àmọ́ irú ẹ̀rọ yìí kì í mú afẹ́fẹ́ tuntun wọlé, èyí tó wà nínú yàrá náà ló ń fẹ́ káàkiri. Bí ẹnì kan bá ń sín nínú yàrá tí a tì pa, yóò tètè ran àwọn yòókù.

Eruku tún ńkọ́? Mo ṣí ti yàrá mi wò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta: eruku ti dì mọ́ asẹ́ rẹ̀ bí òwú, ó sì nípọn débi pé mo fi ìka kọ orúkọ mi sí i. Irú eruku bẹ́ẹ̀ lè gbé ikọ́ fée dìde. Omi lásán ni mo fi fọ̀ ọ́, mo sá a gbẹ kí n tó dá a padà.

Ní ti òtútù rẹ̀, ìwọ̀n 24 tàbí 25 (°C) tó fún ara. Ẹni tó tẹ 16, tó tún ń wá bùláńkẹ́ẹ̀tì, iná ló ń fi ṣòfò. Ẹ máa pa ẹ̀rọ náà fúngbà díẹ̀ lójoojúmọ́, kí ẹ ṣí fèrèsé; ṣùgbọ́n bí jẹnẹrétọ̀ bá wà lẹ́bàá fèrèsé, ẹ kọ́kọ́ gbé e jìnnà, nítorí èéfín rẹ̀ ń pani.