Ẹfun, Ilẹ̀ Pupa, Èédú

Olúorogbo ni ọmọ kan ṣoṣo tí Mọrèmi fi san ẹ̀jẹ́ fún odò Ẹ̀sìnmìrìn. Ilé òrìṣà rẹ̀ wà ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn obìnrin tí wọ́n ń pè ní Akúnyungbà ló sì ń kun ògiri rẹ̀. Bí ọdún bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, wọn a po ọ̀dà, wọn a dá orin, wọn a kun tuntun lé ti èṣí lórí. Ẹfun ló ń fún wọn ní funfun, ilẹ̀ ló ń fún wọn ní pupa, èédú ni dúdú. Ẹni tó bá ní àwọ̀ wọ̀nyí kéré, kó wo bí ẹfun ṣe ń tàn lára pupa tí kò tíì gbẹ.

Wọn kì í dá iṣẹ́ sí. Ìyẹn ló wù mí jù. Bí ti èṣí ti wù kó rẹwà tó, abẹ́ ti ọdún yìí ni yóò wà.

Ọmọ Ìgàngàn ní Ìbàràpá kò ní ṣàjèjì sí irú iṣẹ́ yìí. Kí sìmẹ́ńtì tó gbòde, àwọn ìyá wa níbẹ̀ ń fi ìgbẹ́ màlúù pa ilẹ̀ ilé títí yóò fi dán, wọ́n sì ń fi osùn kun ìkókó.

Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan. Ní aṣálẹ̀ Ọsirélíà, àwọn obìnrin Anmatyerre ń lọ ilẹ̀ pupa àti ẹfun, wọ́n ń pò ó mọ́ ọ̀rá, wọ́n ń fi í fa ìlà sí ọmú àti èjìká ara wọn, tòun ti orin. Awelye ni wọ́n ń pe ètò yìí. Orin náà ń sọ ti àwọn alálẹ̀ àkọ́kọ́, tí ìrìn wọn di òkè àti odò, tí wọ́n ṣì wà nínú ilẹ̀ dòní. Emily Kame Kngwarreye, ọ̀kan nínú wọn, tó kú ní 1996, ti ń súnmọ́ ẹni ọgọ́rin ọdún kó tó kun kánfáàsì. Èso iṣu aginjù kan ló ń jẹ́ Kame. Ìtàkùn àti gbòǹgbò iṣu náà ló lọ́ mọ́ra nínú ọ̀pọ̀ àwòrán rẹ̀. Àgbẹ̀ Ìbàràpá yóò tètè dá a mọ̀.

Ká padà wálé: ní 1989, Moyọ̀ Òkédìjí, Bọ́lájí Campbell àtàwọn ẹgbẹ́ wọn dá ẹgbẹ́ ayàwòrán tó ń jẹ́ Ọ̀nà sílẹ̀ ní Ifẹ̀, wọ́n kọ́ṣẹ́ lára ògiri àwọn ìyá Akúnyungbà, wọ́n sì ń fi erùpẹ̀ kun àwòrán. Ní 2008, Campbell gbé odindi ìwé jáde lórí àwòrán ara ògiri ilé òrìṣà. Mo kí wọn kú iṣẹ́. Àmọ́ èyí tí wọ́n fi férémù sí, kò sí ìyá kankan tí wọ́n máa jẹ́ kó po ọ̀dà lé e lórí lámọ́dún.