Ìhun Ṣáájú Ìtumọ̀: Àgbéyẹ̀wò Aáyan David Bordwell Lórí Tíọ́rì àti Ìtàn Sinimá

Láàárín àwọn onímọ̀ tí ó sọ ẹ̀kọ́ sinimá di ẹ̀ka ìmọ̀ tí ó dá dúró ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, David Bordwell (1947–2024) kì í ṣe ẹni ìgbàgbé. Láti 1973 títí di 2004 ni ó fi ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Wisconsin ní Madison. Ohun tí ó jẹ wá lógún níhìn-ín ni ohun tí olùkọ́ Yorùbá lè rí kọ́ nínú aáyan rẹ̀, àti ibi tí aáyan náà kù sí.

Nínú The Classical Hollywood Cinema (1985), tí òun, Kristin Thompson àti Janet Staiger jọ kọ, wọn kò gbára lé sinimá olókìkí nìkan. Sinimá 100 tí a yàn láìsí ojúsàájú ni wọ́n tú palẹ̀ kí wọ́n tó sọ ohun tí ó jẹ́ ìlànà Hollywood láti 1917 sí 1960. Nínú Making Meaning (1989) ẹ̀wẹ̀, Bordwell bẹnu àtẹ́ lu lámèyítọ́ tí ó ti ní ìtumọ̀ lápò kí ó tó wo sinimá.

Ìbáwí yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe àtúpalẹ̀ Saworoidẹ (1999) tí Túndé Kèlání darí, ohun tí yóò tètè kọ ni pé fíìmù náà kọ́ wa pé ìjọba ìrẹ́jẹ kò dára. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí kò wo fíìmù náà rárá lè kọ bẹ́ẹ̀. Ìlànà Bordwell yóò béèrè pé: ìgbà wo ni òǹwòran mọ̀ pé ọba tí a kò sín gbẹ́rẹ́ fún kò gbọdọ̀ gbọ́ ìró saworoidẹ pẹ̀lú adé lórí? Nítorí pé a ti mọ èèwọ̀ yìí ṣáájú, gbogbo ìgbà tí a bá rí ìlù náà ni àyà wa ń já. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n ìsọ̀tàn wà.

Síbẹ̀, tíọ́rì yìí ní ibi tí ó mọ. Bordwell ṣàlàyé dáadáa bí òǹwòran ṣe ń fi làákàyè so ìṣẹ̀lẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n àlàyé náà kò tó fún òǹwòran tí àṣà ti la etí rẹ̀. Ìlù wa ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò gbọ́ èdè rẹ̀ yóò gbọ́ ìró lásán.

Ní ìkádìí, èrò wa ni pé kí olùkọ́ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ sọ ohun tí ó rí àti ohun tí ó gbọ́, kí ó fi àṣà Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀, kí ó tó wá sọ ẹ̀kọ́ tí ó rí kọ́.