Aṣọ Ìgbà Ogun Lára Ọmọ Yorùbá

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí aránṣọ ṣe gbọ́ṣẹ́ tó, inú aṣọ ni kó yí síta wò. Ojú aṣọ lè tan ni jẹ, inú rẹ̀ kì í purọ́. Lééṣì àti àǹkárá ni mo fi ń jẹun ní Birmingham níbí, ṣùgbọ́n aṣọ tí wọ́n wọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni mo fi ń dán ọwọ́ ara mi wò.

Ibi tí a ti ń wọ̀ ọ́ kò jìnnà. Ní ìlú Dudley ni mùsíọ́mù tí wọ́n ń pè ní Black Country Living Museum wà. Wọ́n ṣí i fún aráyé lọ́dún 1978. Ilé àtijọ́ tí wọ́n fẹ́ wó níbòmíràn ni wọ́n tú ní bíríkì kọ̀ọ̀kan tí wọ́n wá tún kọ́ síbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ a máa wọṣọ ìgbà náà, wọn a máa rọ ẹ̀wọ̀n irin lójú èèyàn, wọn a sì máa fi ọ̀rá màlúù din ẹja àti ọ̀dùnkún. Bí wọ́n bá ń ṣàjọ̀dún àwọn ọdún 1940, àwa àlejò náà a wọṣọ ìgbà yẹn lọ. Nígbà tí ìyá mi wá kí wa láti Abẹ́òkúta, mo ránṣọ fún gbogbo ilé, a sì jọ lọ.

Ohun tó mú kí aṣọ ìgbà ogun wù mí ni pé òfin ló gé e. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà, ọdún 1941, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi kúpọ́ọ̀nù díwọ̀n aṣọ. Kúpọ́ọ̀nù 66 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan gbà lọ́dún àkọ́kọ́. Gáùn onírun àgùntàn kan gba 11, kóòtù ọkùnrin gba 13, ṣòkòtò rẹ̀ gba 8. Nígbà tó di 1942, wọ́n tún gbé òfin mìíràn ka àwọn tó ń rán aṣọ títà lórí: gáùn kan kò gbọdọ̀ ní ju àpò 2 àti bọ́tìnnì 5 lọ, ojú ìránpọ̀ síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 6, ibi tí abẹ́rẹ́ bá sì tọ̀ lára rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ínṣì 160 lọ. Norman Hartnell, tó ń ránṣọ fún ayaba, wà lára àwọn tó ya àwòṣe aṣọ sábẹ́ òfin yìí. Aṣọ náà rẹwà síbẹ̀. Ìyẹn ló ń yà mí lẹ́nu: wọ́n ti gba lééṣì, wọ́n ti dín ìṣẹ́po kù, bí wọ́n ṣe gé e nìkan ló kù tí yóò gbé ẹwà rẹ̀ jáde.

Kíréèpù aláwọ̀ ewé ni mo fi rán gáùn tèmi. Kíréèpù a máa yọ̀ bọ́rọ́ lọ́wọ́ bí ẹja àrọ̀, nítorí náà òwú ni mo fi gbà á mọ́ra kí ẹ̀rọ tó kàn án. Mo tẹ́ pátánnì náà, orí ọ̀kan sókè, orí èkejì sísàlẹ̀, kí yáàdì mẹ́ta lè tó. Síípù ṣọ̀wọ́n nígbà yẹn nítorí ogun ti gba irin, torí náà ẹ̀gbẹ́ òsì ni mo ṣí, mo sì fi ìkọ́ àti bọ́tìnnì onírin tí a ń tẹ̀ mọ́ra dè é. Mi ò wíìfù etí rẹ̀ bí a ti ń ṣe lónìí, abẹ́rẹ́ ọwọ́ ni mo fi ká a láti òkè délẹ̀. Nígbà tí mo wọ̀ ọ́, èjìká mi dúró fúnra rẹ̀, ìrìn mi sì yí padà.

Bàbá àwọn ọmọ mi ló ráhùn. Ó ní òun ń fẹ́ ṣòkòtò tí wọ́n ká lẹ́sẹ̀. Mo ní òfin ìgbà ogun kò gbà kí wọ́n rán irú rẹ̀ tà. Òfin yẹn bí àwọn ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì nínú débi pé àwọn kan ń ra ṣòkòtò tó gùn jù wọ́n lọ, kí wọ́n lè lọ ká a nílé. Mo bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún un. Ti ọmọ mi obìnrin, ìṣẹ́tí tó jìn ni mo fi sí i, kí a lè máa tú u sílẹ̀ bó ṣe ń dàgbà. Ìyá mi fọwọ́ kàn án, ó bú sẹ́rìn-ín: “Bí mo ṣe ń ṣe yunifọ́ọ̀mù rẹ nìyí títí o fi jáde ìwé mẹ́fà.”

Orí ni iṣẹ́ wá dùn sí jù. Àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ohun ìjà a máa fi aṣọ wé irun wọn kí ẹ̀rọ má baà fà á, wọn a sì so kókó rẹ̀ síwájú. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni mo fi wé tèmi. Obìnrin òyìnbó kan bi mí bí ó ṣe dúró láìsí pín-ìnnì. Mo tú tirẹ̀, mo sì bá a wé e.

Ìyá mi wá béèrè bóyá àwọn èèyàn wa wà nílẹ̀ yìí nígbà náà. Mo ní ọmọ Aláké gan-an wà níbẹ̀. Adénrelé, ọmọ Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1935, ó gbé ní ilé ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà (WASU) ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì kọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Guy's. Lọ́dún 1941 tí kúpọ́ọ̀nù dé, ó ti di nọ́ọ̀sì. Nígbà ogun náà ni wọ́n sì ṣe fíìmù nípa rẹ̀. Ìyá mi ní, “Ó dáa, rán tiẹ̀ náà.” Aṣọ nọ́ọ̀sì rẹ̀ ló wà lórí tábìlì mi báyìí: kọ́là tí sítáàṣì mú le, épúrọ́ọ̀nù funfun, àti fìlà.

Ọ̀pọ̀ ìdílé wa ló ní fọ́tò bàbá tàbí ìyá tó wá kàwé tàbí ṣiṣẹ́ nílẹ̀ òyìnbó láyé ọjọ́un. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà, nígbà tí wọ́n ṣì wà, ohun tí wọ́n fi rán aṣọ náà àti ẹni tó rán an. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé fọ́tò yẹn tọ aránṣọ tó mọṣẹ́ lọ, kí ó rán irú rẹ̀ fún ọmọ yín.